Ààwẹ̀ Ọgọ́rùn-ún Alẹ́ Tí Kò Lókùú

Naqalisere,
Erékùṣù Kadavu.
Ọjọ́ Ajé, alẹ́ kejìdínláàádọ́rùn-ún ààwẹ̀ mi.

Losena ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí oyún inú rẹ, mo kí Viliame ọkọ rẹ àti gbogbo ẹni tí ẹ jọ ń gbé ní Suva. Ọlọ́run tó ń mú ọkọ̀ gba àárín àpáta òkun kọjá láìfọ́, òun náà ni yóò mú ọ gba ìkúnlẹ̀ kọjá láyọ̀. Ọwọ́ rẹ kò ní ro ọ́, ẹsẹ̀ rẹ kò ní wú, oríkèé kan kò sì ní bá èkejì jà lára rẹ. Bí o bá ń mí, ṣe àmín kí ará ilé gbọ́, kí o sì kọ lẹ́tà padà kí ọkọ̀ yìí tó ṣí. Ìdí tí mo fi ń béèrè bóyá o ń mí wà nísàlẹ̀, má kánjú, fara balẹ̀ kà á.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí mo ti ń pè ọ́ lórí fóònù tí o fi ránṣẹ́ sí mi. Obìnrin Gẹ̀ẹ́sì kan ló máa ń gbé e. Ohùn rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n kò ní sùúrù rárá, kì í jẹ́ kí n kí òun tán kó tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tirẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ló sì ń sọ lójoojúmọ́. Mo ti ní kó bá mi sọ fún ọ pé ẹlẹ́dẹ̀ wa bí méje, ọ̀kan kú, pé afẹ́fẹ́ ṣí páànù ilé ìdáná, pé kí o pè mí. Mo béèrè àlàáfíà àwọn ọmọ rẹ̀, kò dáhùn. Mo ní bóyá mo ti ṣẹ̀ ẹ́, mo bẹ̀ ẹ́, kò gbà. Ta ni í, Losena? Bó bá jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ, sọ fún un pé bí ìyá ènìyàn bá kan ilẹ̀kùn, a kì í dá a dúró sí ìta.

O mọ̀ pé ọwọ́ mi ti ń dùn mí láti ọdún ìgbéyàwó rẹ. Lọ́dún yìí ó kọjá sísọ. Bí mo bá jí láàárọ̀, ọwọ́ méjèèjì á ti gan bí igi, oríkèé ìka á wú, wọ́n á gbóná bíi pé mo ti gbé wọn lé ẹnu ààrò. Bó bá mú ọ̀tún, á mú òsì, bí ìbejì tí a kò lè fún ọ̀kan lóúnjẹ kí a má fún èkejì. Oòrùn á ga dé òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì kí n tó lè di ẹ̀ṣẹ́. Ẹní tí mo ń hun fún ọmọ inú rẹ dúró sí ìdajì, ewé voivoi tí mo ti là sílẹ̀ ń gbẹ lórí ara wọn, mo kàn máa ń jókòó tì í ni, mo máa ń wò ó, mo sì ń sunkún. Mi ò sọ fún ọ nítorí oyún.

Ohun tó tún ń bà mí lẹ́rù ni pé mo mọ ọwọ́ yẹn. Ọwọ́ Torika ẹ̀gbọ́n mi ni. Ìwọ ò mọ̀ ọ́n, ọ̀sẹ̀ tí wọ́n bí ọ ló kú. Òun ló fẹ́ Apenisa, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ, èmi fẹ́ àbúrò, tẹ̀gbọ́n tàbúrò fẹ́ tẹ̀gbọ́n tàbúrò, a wọ abúlé yìí lọ́jọ́ kan náà. Ọdún kan péré ló fi jù mí lọ, mi ò pè é ní ẹ̀yin rí, bí mo bá tilẹ̀ pè é bẹ́ẹ̀ á ní kí n fi ẹnu yẹn jẹun. Gbogbo ẹní tí a hun, àwa méjèèjì la jọ hun ún, èmi ní orí, òun ní ẹsẹ̀. Ọlọ́wọ́ òsì ni, nítorí náà apá tirẹ̀ máa ń tẹ̀ sí òsì, ẹni tó bá mọ ẹní wò á sọ pé èyí ti Torika ni. Ìka rẹ̀ ká kò bí ẹsẹ̀ akàn kó tó kú. Nígbà yẹn kò sí ilé ìwòsàn níhìn-ín, kò sí ẹni tó sọ nǹkan kan fún un, ẹran agolo àti tíì oníṣúgà ṣíbí mẹ́fà ló fi ń tu ara rẹ̀ nínú. Ó fẹ́ràn ẹran agolo ju ọkọ rẹ̀ lọ, ọkọ rẹ̀ náà mọ̀.

Nígbà tí mi ò lè ṣí ilẹ̀kùn mọ́, mo lọ bá Nọ́ọ̀sì Asinate ní ilé ìwòsàn kékeré tó wà lẹ́yìn odò. Ó gba ẹ̀jẹ̀ mi, ó fi í sínú ọkọ̀ dókítà lọ sí Suva. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kó kí ọ bó bá débẹ̀. Èsì dé, Nọ́ọ̀sì ní làkúrègbé ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tí ọjọ́ ogbó ń mú wá, èyí tó jẹ́ pé ara ènìyàn fúnra rẹ̀ ló ń bá oríkèé jà ni. Mo ní kí ni mo fi ṣe ara mi? Ó ní mi ò ṣe nǹkan kan, ara ló ṣi ara mú. Mo ní nígbà náà kí ó bá mi bẹ̀ ẹ́.

Ó fún mi ní oògùn tí n ó máa lò lẹ́ẹ̀kan péré lọ́sẹ̀, ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó fi ìka gún mi láyà lórí ọ̀rọ̀ yẹn, ó ní Ìyá Vilimaina, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun nìkan o, ẹ kò gbọdọ̀ lò ó lójoojúmọ́, ẹ kò sì gbọdọ̀ fi í sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fún mi ní ìwé mẹ́ta. Èkíní, ó ní kí n kọ ẹni tí wọ́n máa pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ sí mi. Mo kọ Ọlọ́run. Ó ní ó dáa, ṣùgbọ́n nọ́ńbà wo ni wọ́n á fi pè é? Ni mo bá kọ nọ́ńbà rẹ, mo sì ṣàlàyé pé obìnrin Gẹ̀ẹ́sì lè gbé e. Ìwé kejì jẹ́ àwòrán ènìyàn kan tí kò ní ojú, kò ní ẹnu, oríkèé nìkan ló ní, wọ́n ní kí n máa fi pẹ́ńsù kun ibi tó bá dùn mí. Mi ò lè sùn nínú ilé kan náà pẹ̀lú ẹni tí kò lójú. Mo ya ojú sí i, mo ya ẹnu tó ń rẹ́rìn-ín. Ìwé kẹta ni abọ́ tí wọ́n pín sí mẹ́ta.

Abọ́ yìí ni ọ̀rọ̀ wà. Ó ní ìdajì rẹ̀ jẹ́ ti ewé, ewé kókò, ewé bele, àti nama, ewéko inú òkun, tí a fi ọsàn wẹ́wẹ́ sí. Ìlàjì ìdajì tó kù jẹ́ ti ẹja, pàápàá ẹja ọlọ́ràá inú ibú, ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Èyí tó kù jẹ́ ti kókò tàbí gbẹ̀rẹ̀fútù tí a sè, tí a kò dín. Kí n máa jẹ ìbẹ́pẹ, kí n máa fi ata ilẹ̀ pupa sínú ọbẹ̀. Ẹran agolo, ẹran ìhà àgùntàn tó jẹ́ kìkì ọ̀rá, ìyẹ̀fun dídín, núdùsì àti ṣúgà inú tíì, kí n jìnnà sí wọn. Mo bi í pé ṣé tí mo bá ṣe bẹ́ẹ̀ àìsàn náà á lọ. Ó ní rárá, oúnjẹ kì í lé e lọ, kò sì lè gba ipò oògùn, ṣùgbọ́n ó lè ti oògùn lẹ́yìn kí iná inú oríkèé rọlẹ̀. Ó ní kí n gbìyànjú rẹ̀ títí ọkọ̀ dókítà yóò fi padà dé, oṣù mẹ́ta àti ọjọ́ mẹ́wàá.

Mo ń lọ sílé, mo ń kà á lójú ọ̀nà. Nígbà tí mo dé ibi igi máńgòrò, ó pé ọgọ́rùn-ún alẹ́ gééré.

Losena, ìwọ náà mọ ohun tí ọgọ́rùn-ún alẹ́ túmọ̀ sí lọ́dọ̀ wa. Bí èèyàn ẹni bá kú, a ó yan oúnjẹ tí a fẹ́ràn, a kò ní fi kan ẹnu títí ọgọ́rùn-ún alẹ́ yóò fi pé tí a ó fi ẹní àti àsè tú ọ̀fọ̀ náà. Mo ní Nọ́ọ̀sì mọ ohun tó ń ṣe, ṣebí ọmọ ilẹ̀ yìí ni. Àìsàn ńlá, ààwẹ̀ ńlá. Mo bá ṣe é bó ṣe yẹ kí a ṣe é. Mo kó aṣọ olódòdó mi sínú àpótí, mo wọ dúdú. Mo fi okùn so ohun ìṣí agolo kọ́ igi àjà. Ní ìpàdé àwọn ìyá ìjọ mo dìde, mo ní ẹ bá mi gbàdúrà, mo ti fi ẹran agolo àti ṣúgà sílẹ̀ fún ọgọ́rùn-ún alẹ́. Gbogbo ilé dákẹ́. Mo rò pé wọ́n ń yìn mí ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì ni Unaisi aládùúgbò wa dúró sẹ́nu ọ̀nà mi pẹ̀lú ẹní tuntun lórí, ó ń sunkún. Ó ní ta ni. Mo ní ta ni kí ni. Ó ní ta ló kú. Mo ní ẹnikẹ́ni ò kú, ọwọ́ mi ni. Ó wo ọwọ́ mi, ó tún bú sí ẹkún, ó tẹ́ ẹní rẹ̀ sílẹ̀ ó sì lọ. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí mo ti gba ẹní ọ̀fọ̀ márùn-ún àti kẹrosíìnì gálọ́ọ̀nù kan. O mọ̀ pé a kì í dá ẹní ọ̀fọ̀ padà. Mo to wọ́n sí igun ilé, wọ́n ń wò mí.

Apenisa ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ náà wá, wọ́n gbé yaqona, gbòǹgbò tí a ń pò mu, dání, wọ́n jókòó, wọ́n pò ó, a mu ife kejì. Wọ́n wá ní Vilimaina, ààwẹ̀ yìí kì í wà láìlókùú. Wọ́n ní bí a bá ṣílẹ̀kùn fún ọgọ́rùn-ún alẹ́, tí kò sí òkú tó fẹ́ gba ibẹ̀ kọjá, ẹnìkan á wá gbà á. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ilẹ̀kùn Nọ́ọ̀sì lèyí, oògùn ló ń gba ibẹ̀ wọlé. Wọn kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n bi mí pé ìgbà wo ni Losena pè kẹ́yìn. Nígbà yẹn ìjẹta ni o pè, mo sì sọ bẹ́ẹ̀, àyà mi kò já.

Ní alẹ́ ogún tàbí kọkànlélógún ni mo kọ́kọ́ rí nǹkan. Mo bu oúnjẹ alẹ́ bí ìwé ṣe wí, ewé ìdajì, ẹja ìdá mẹ́rin, kókò ìdá mẹ́rin. Mo di ojú mo gbàdúrà. Nígbà tí mo la ojú, ẹja kù díẹ̀. Mo ní ológbò ni. Ológbò wà lẹ́nu ọ̀nà, irun ẹ̀yìn rẹ̀ dìde, kò wọlé. Láti ọjọ́ náà kò wọlé mọ́ títí di àná, ìta ni mo ti ń bọ́ ọ. Bí mo bá jẹun tán, eegun ẹja á wà ní ẹ̀gbẹ́ abọ́ ní ọ̀dọ̀ mi, díẹ̀ á sì wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì, wọ́n á tò ní mẹ́ta-mẹ́ta. Èmi kì í to eegun. Mo bi Nọ́ọ̀sì bóyá oògùn Ọjọ́ Ìṣẹ́gun lè máa jẹ ẹja. Ó ní ó lè fa èébì díẹ̀, ṣùgbọ́n kì í jẹ ẹja. Mo wá ń bu ẹja lọ́pọ̀, kí ti èmi má bàa dín sí ohun tí ìwé wí.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ọwọ́ mi ń sàn. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, mo di ẹ̀ṣẹ́ kí wọ́n tó lu agogo àárọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ mo ṣí ilẹ̀kùn fúnra mi. Nọ́ọ̀sì tẹ oríkèé mi níkọ̀ọ̀kan, ó ní iná ti ń rọlẹ̀, oògùn àti abọ́ ti gba ara wọn mọ́ra. Ara mi yá, mo ń kọrin, mo ní n ó padà sídìí ẹní ọmọ rẹ lọ́jọ́ kejì. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo tú aṣọ tí mo fi bo ẹní náà, ó ti gùn ju bí mo ṣe fi í sílẹ̀ lọ, ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan.

Mi ò pariwo. Mo jókòó, mo fi ìka tọ ìhun náà. Kì í ṣe ní orí ni ó ti gùn, ní ẹsẹ̀ ni. Òwúrọ̀ kejì, ìbú àtẹ́lẹwọ́ mìíràn. Mo hun díẹ̀ ní apá tèmi lọ́sàn-án, bí ilẹ̀ bá mọ́, apá kejì á ti bá mi dọ́gba. Ó ń hun dáadáa, Losena, ojú ẹní náà kún, kò sí àlàfo. Òtútù kan wà ní ibẹ̀ ṣáá, bí ẹsẹ̀ mi bá kan ibẹ̀ mo máa ń fà á padà. Ó yẹ kí n ti mọ̀ nígbà yẹn. Mo rò pé mo mọ̀, mi ò kàn fẹ́ sọ ọ́ lẹ́nu ni, torí ohun tí a bá dárúkọ, a ti pè é wọlé nìyẹn.

Ọ̀sẹ̀ kẹwàá ni o kò gbé fóònù mọ́. Ọjọ́ kan, ọjọ́ méjì, mo ní iṣẹ́ pọ̀ lọ́fíìsì yín. Ní ọjọ́ kẹrin Unaisi ti gbọ́. Unaisi kì í gbọ́ nǹkan kó jókòó tì í. Ó lọ sọ níbi ìṣàn omi pé àṣé Losena ni, ó ní ìyá rẹ̀ mọ̀ tẹ́lẹ̀, ó ní kí ni Vilimaina tún ní láyé bí kò ṣe ọmọ kan yẹn, ta ni ìbá tún gbààwẹ̀ fún? Láti ìgbà náà bí mo bá ti dé ibi omi, àwọn obìnrin á dákẹ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pè ọ́ ní Losena wa yẹn. Àlùfáà gbàdúrà fún mi lórí pẹpẹ, ó dárúkọ rẹ, ohùn rẹ̀ wálẹ̀. Mo fẹ́ dìde kí n ní ọmọ mi ń bẹ láàyè, ṣùgbọ́n wọ́n ti ṣe àmín. Mo dé ilé, mo pe obìnrin Gẹ̀ẹ́sì, mo ní kó sọ òótọ́ fún mi. Ó sọ ohun tó máa ń sọ.

Mo bẹ̀rù, Losena. Mo sọ ọ́ fún ọ gbangba. Mo wo ìtò ẹní ọ̀fọ̀ ní igun ilé, mo wo ẹní ọmọ rẹ tó ń gùn fúnra rẹ̀, mo ní àbí èmi ni mo fi ẹnu ara mi ṣílẹ̀kùn fún ikú ọmọ mi nítorí kí ìka lè tẹ̀? Kí ni mo fẹ́ fi ọwọ́ tó dá ṣáṣá ṣe bí kò bá sí ọ? Mo ní kí ọwọ́ náà ká kò bó ṣe fẹ́.

Apenisa wá ní Ọjọ́ Àbámẹ́ta. Wọ́n ní ọ̀nà kan ló wà. Ní ọ̀la lẹ́yìn ìsìn, kí n jókòó níwájú gbogbo abúlé, kí n jẹ ẹran agolo, kí n mu tíì oníṣúgà, kí gbogbo ènìyàn rí i pé ẹnikẹ́ni ò kú, kí ilẹ̀kùn tì kó tó gba orúkọ Losena. Mo ní Nọ́ọ̀sì ńkọ́. Wọ́n ní Nọ́ọ̀sì ní ọmọ tirẹ̀. Nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ gbọ́, ó sáré wá, ó ní Ìyá, jíjẹ ẹ̀ẹ̀kan kò ní pa yín, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe padà sí ibi tí ẹ ti ń bọ̀. Ibẹ̀ náà ló ti sọ fún mi pé òun kò ka alẹ́ kankan, pé bí mo ṣe ń jẹun yìí, bẹ́ẹ̀ ni kí n máa jẹ títí ayé. Mo ní ṣé kí n máa ṣọ̀fọ̀ títí ayé ni? Ó gbé orí lé ọwọ́.

Àná Ọjọ́ Ìsinmi, wọ́n tẹ́ ẹní sábẹ́ igi lẹ́bàá ṣọ́ọ̀ṣì. Gbogbo abúlé jókòó. Apenisa ló ṣí agolo náà fúnra wọn, òórùn rẹ̀ tú jáde, itọ́ kún ẹnu mi, mo jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ mi, ó ti pẹ́. Mo mú ṣíbí ní ọwọ́ ọ̀tún. Mo bu ẹran. Mo dárúkọ rẹ nínú mi, mo gbé ṣíbí sókè. Kò dé ẹnu. Ọwọ́ kan di ọwọ́ mi mú láti apá òsì, tútù bí ẹja tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú ibú jáde. Mo rí ọwọ́ ara mi tó ń sọ̀kalẹ̀, mi ò sì rí ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́. Awọ ẹ̀yìn ọwọ́ mi ṣe kòtò kéékèèké mẹ́rin, ní ibi tí ìka ti ń tẹni, ìka tó ká kò. Ṣíbí bọ́ sílẹ̀. Ní ẹ̀gbẹ́ mi, ní ibi tí kò sẹ́nìkan, ẹní náà tẹ̀ wálẹ̀ bó ṣe ń tẹ̀ bí obìnrin tó sanra bá jókòó.

Unaisi ló kọ́kọ́ sá. Apenisa kò sá. Wọ́n wo kòtò mẹ́rin yẹn lọ́wọ́ mi, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún bí ọmọdé, wọ́n ní Torika. Wọ́n ní Torika, ìwọ ni.

Ìgbà náà ni mo jẹ́wọ́ ohun tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Nígbà tí Torika kú, orí ìrọbí rẹ ni mo wà ní Suva. Ọkọ̀ kò tètè mú ìròyìn dé. Ní alẹ́ kẹrin ikú rẹ̀, tí gbogbo ará ilé ń gbààwẹ̀, orí ibùsùn ni mo jókòó sí tí mo ń jẹ ẹran agolo, tí mo ń rẹ́rìn-ín, tí mo ń sọ fún àwọn obìnrin ibẹ̀ pé ẹ̀gbọ́n mi á jowú bó bá rí mi. Nígbà tí mo dé ilé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, wọ́n ní abiyamọ tó ń fún ọmọ lọ́mú kì í gbààwẹ̀. Mo ní ó dáa. Ọ̀fọ̀ rẹ̀ pé, wọ́n tú u, èmi kò fi oúnjẹ kan sílẹ̀ fún un, èmi tí a jọ ń hun ẹní kan. Ọgbọ̀n ọdún nìyí. Nígbà tí mo wá ṣílẹ̀kùn, ta ló yẹ kó gba ibẹ̀ wọlé bí kò ṣe ẹni tó ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà?

Mo bi í lójú gbogbo ènìyàn pé ṣé ó bínú ni. Ẹní náà kò mira. Ṣùgbọ́n èmi mọ̀ ọ́n. Bó bá bínú ni, ì bá jẹ́ kí n jẹ ẹran náà. Ó mọ ohun tí ọwọ́ yẹn ń ṣe fún ènìyàn, ẹnikẹ́ni ò sọ fún òun nígbà tirẹ̀. Apenisa nu ojú, wọ́n dìde, wọ́n ní kí abúlé gbọ́: ààwẹ̀ ti lókùú, Losena kọ́. Wọ́n ní àwọn á gbé eyín àbùùbùtán tí a fi ń ṣe ẹ̀tọ́ òkú wá lọ́jọ́ tó bá pé, a ó fi ẹní márùn-ún yẹn tú ọ̀fọ̀ Torika lẹ́ẹ̀kejì, kí àbúrò rẹ̀ lè wà níbẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ológbò wọlé lálẹ́ àná, ó jókòó jìnnà díẹ̀, ṣùgbọ́n ó wọlé.

Ní báyìí, ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe rèé. Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó tẹ̀lé èyí tó ń bọ̀ ni alẹ́ ọgọ́rùn-ún. Bí ikùn rẹ bá lè wọ ọkọ̀, wá. Bí kò bá lè wọ̀ ọ́, fi ìwé ránṣẹ́ sí mi lọ́wọ́ ọ̀gá ọkọ̀, kí n rí ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ, torí ọkàn mi kò tíì balẹ̀ tán, Apenisa ló sọ pé kì í ṣe ìwọ, ìwọ fúnra rẹ kò tíì sọ bẹ́ẹ̀. Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún àsè, bí agbára rẹ bá ṣe mọ. Ra ẹja agolo inú omi fún mi fún ìgbà tí òkun bá ru, Nọ́ọ̀sì ní èyí dára, kì í ṣe èyí inú ọbẹ̀ dídùn. Jẹ ewé, ìwọ náà, jẹ ẹja, má fi ara rẹ fún ṣúgà, nǹkan yìí mọ ilé wa. Bó bá sì jẹ́ obìnrin lo bí, mo bẹ̀ ọ́, sọ ọ́ ní Torika. Ẹní rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, bí ọmọ náà bá dùbúlẹ̀ lórí rẹ̀, orí rẹ̀ á wà ní apá tèmi, ẹsẹ̀ rẹ̀ á wà ní apá èkejì, kò sí ibi tí òtútù ti máa wọlé sí i lára.

Ọlọ́run á sọ ẹ̀rù rẹ kalẹ̀ ní wẹ́rẹ́. Ọwọ́ tí o ó fi gbé ọmọ kò ní gan. Oúnjẹ tí o bá jẹ á mọ ọ̀nà ara rẹ. Ìwọ ni wàá fi ọwọ́ rẹ méjèèjì sin mí, mi ò ní fi tèmi sin ọ́.

Èmi ni ìyá rẹ,
Vilimaina.

Losena, mo ti kọ orúkọ mi tán, mo lọ yí ẹja padà lórí iná, mo padà dé, mo bá ìlà kan nísàlẹ̀ ìwé tí èmi kò kọ. Bírò kan náà ni, ṣùgbọ́n gbogbo lẹ́tà rẹ̀ ló tẹ̀ sí òsì. Mi ò pa á rẹ́, àgbà ló kọ ọ́. Ẹ̀rù bà mí bí mo ṣe ń kà á, nígbà tí mo kà á tán ni mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Torí bó bá jẹ́ pé o ti wà lọ́dọ̀ wọn lọ́hùn-ún ni, kò ní máa gba ọ̀dọ̀ mi rán ọ níṣẹ́. Ọkàn mi ti balẹ̀ báyìí. Ohun tó kọ rèé:

Losena, mú ẹran agolo méjì bọ̀ fún mi. Má jẹ̀ẹ́ kí ìyá rẹ tọ́ ọ wò.